Bí bárakú ṣe ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ará ilé

Ẹnì kan ló ń mu ún, gbogbo ilé ni kì í sùn. Bí ọtí, igbó, kódíìnì, tramadol tàbí tẹ́tẹ́ bá ti di bárakú fún èèyàn, òun nìkan là ń wò: ojú tó pọ́n, owó tó ń rá, iṣẹ́ tó ti bọ́. Ìyàwó, ìyá, ọmọ àti àbúrò tó yí i ká, àánú wọn là ń ṣe, a sì gbà pé ó tán síbẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú irú ẹbí bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kò tán síbẹ̀. Kálukú nínú ilé náà ló ti gba iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò gbé fún un, tó ń ṣe é lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ohun tí wọ́n ń pè ní family roles nìyẹn: ipa tí ará ilé kọ̀ọ̀kan ń kó kí ilé má baà wó lẹ́yìn tí bárakú ti wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan n'Ìbàdàn. Bàbá jẹ́ mẹkáníìkì, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó. Kó tó dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, á ti yà lọ́dọ̀ alágbo fún paraga. Nígbà tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, kò mọ iye tó ti dà sọ́fun mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Bódìjà. Ìsàlẹ̀ àpò ẹ̀lùbọ́ ni owó àjọ rẹ̀ wà, torí owó kì í pẹ́ nínú pọ́ọ̀sì nílé yẹn. Bí oníbàárà tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ bá ń wá ọkọ rẹ̀ tí kò rí i, òun ló ń gbé fóònù: "Ẹ má bínú, sà, ibà ló dá a dùbúlẹ̀." Ibà yẹn ti wà lára rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin ọdún 14, ń mọ bí alẹ́ ọjọ́ kan ṣe máa rí látinú ìró kọ́kọ́rọ́ lára àgádágodo géètì. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, á máa bá iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ lọ. Bó bá ń ha irin kiri, kò ní dúró gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Á pa tẹlifíṣàn, á kó àwọn àbúrò rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí ọ̀kan bá wá rì, ẹni tó ń dáná kì í sọ ìkòkò kalẹ̀. Á ti méjì yòókù síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ìkòkò á fi dúró. Ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ààrò kankan tó wà láyè rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdílé yìí rí, ohun tó sì mú kó ṣòro láti rí ni pé ọbẹ̀ ṣì ń hó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Sharon Wegscheider, tó ń tọ́jú ìdílé àwọn ọ̀mùtí, fún àwọn ipa wọ̀nyí lórúkọ. Ẹni tó ń bo ọ̀mùtí, tó ń san gbèsè, tó ń parọ́ ibà, ni enabler. Ọmọ kan á di akọni ilé: òun ló ń ṣe ipò kìn-ín-ní, òun ni gbogbo àdúgbò ń yìn, àṣeyọrí rẹ̀ ni wọ́n ń fi bo ìtìjú. Òmíràn á di ẹni tí wọ́n ń di ẹ̀bi rù. Ó ń sá nílé-ìwé, ó ń jà, wọ́n sì ń na án. Bí wọ́n bá sì ti ń bínú sí i, ó kéré tán ojú ti kúrò lára bàbá. Ọmọ kan á wà tí kì í bèèrè ohunkóhun, tí wọ́n lè jẹun tán kí wọ́n tó rántí pé kò sí níbẹ̀. Aláwàdà ló kù, èyí tó ń dẹ́rìn-ín pa wọ́n nígbà tí ara gbogbo wọn bá le.

Èmi ò ní fi orúkọ wọ̀nyí lẹ ẹnikẹ́ni lójú. Kì í ṣe àìsàn tí dókítà ń kọ sínú káàdì, ọmọ kan ṣoṣo sì lè kó ipa mẹ́ta nínú ọjọ́ kan. Ohun tí wọ́n dára fún ni pé wọ́n ń jẹ́ ká rí ọmọ tí ojú wa ti fò. Claudia Black, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ pé òfin mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ ló ń darí irú ilé bẹ́ẹ̀: má sọ̀rọ̀, má fọkàn tán ẹnikẹ́ni, má jẹ́ kó dùn ọ́. Èyí àkọ́kọ́ kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ta ni wọn ò tíì kìlọ̀ fún ní kékeré pé ọ̀rọ̀ ilé kì í jáde?

Ìṣòro akọni ilé nílẹ̀ Yorùbá ni pé àkọ́bí la kàn máa ń pè é. Bí ọmọ ọdún 14 bá ń ro àmàlà, tó ń wẹ àbúrò, tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jà, ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ni, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmàlà kọ́ ló ń pa á lára. Ohun tó ń pa á lára ni pé kò lè sùn àfi tí bàbá bá wọlé, pé ìyá rẹ̀ ń rojọ́ ọkọ fún un bí ẹní ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, pé òun ló mọ gbogbo ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Irú wọn ni wọ́n ń dàgbà tí wọ́n ń bójú tó gbogbo ayé, tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó rẹ̀ wọ́n.

Àwọn ilé yìí kì í ṣe díẹ̀. Ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìṣirò ṣe, tó jáde ní 2019, fi hàn pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, 22.4 ni. Wọn ò ka ọtí àti tábà mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹni tó ń bò ó, torí òun ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lára rẹ̀ jù. Bàbá náà á jí lórí ibùsùn tí kò mọ bó ṣe débẹ̀. Wọ́n ti fọ èébì, wọ́n ti pàrọ̀ aṣọ fún un, wọ́n ti bẹ oníbàárà. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Kí ló fẹ́ jáwọ́ fún?

Ìmọ̀ràn tó yá lẹ́nu èèyàn ni pé kí obìnrin náà yé bò ó. Ó rọrùn láti sọ. Bó bá wá jẹ́ ọmọkùnrin ilé ló ń fa igbó ńkọ́? Ọmọ tó bá dáa ni ti bàbá, èyí tí kò dáa, ti ìyá ẹ̀ ni. Kí ọ̀rọ̀ tó délé ẹjọ́ mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ti dájọ́ fún ìyá. Ara rẹ̀ náà ló ń bò, kì í ṣe ọmọ nìkan. Lójú tèmi, ẹbí tí ò bá kọ́kọ́ sọ ẹ̀bi yẹn kalẹ̀ lórí obìnrin kò ní ẹnu láti sọ fún un pé kó má parọ́ mọ́. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Ìyẹn á kó wọn jọ fún àdúrà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìyàwó àgbà tàbí àǹtí kan lábúlé, ilé á tún wá pín sí méjì lórí ohun tí àǹtí ò mọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀.

Ìrànlọ́wọ́ yàtọ̀ sí bíbò. Owó ilé-ìwé ọmọ, ìrànlọ́wọ́ ni. Gbèsè tó jẹ lọ́dọ̀ alágbo, ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn rẹ̀. Bó bá sùn lọ nínú ọtí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun. Ẹ̀mí ni ìyẹn. Ẹ má sì tì í mọ́ yàrá pé kí ọtí tán lára rẹ̀. Ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, gìrì lè mú un tó bá já a lójijì, ó sì lè kú. Ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó ti já a.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní CRAFT, tí Robert Meyers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ará ilé ni wọ́n ń kọ́, kì í ṣe ọ̀mùtí: bí wọ́n ṣe máa ṣe dáadáa sí i lọ́jọ́ tí kò bá mu, bí wọ́n ṣe máa yẹra nígbà tó bá mu, ìgbà tó yẹ kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ ìtọ́jú sílẹ̀, àti bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo ara wọn bó bá ń lu èèyàn. Nínú àwọn ìwádìí, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ẹbí tó kọ́ ọ ló rí ẹni wọn mú wọ ibi ìtọ́jú.

Kí ẹbí bá wọn dá sí ìtọ́jú kì í ṣe ohun àjèjì pátápátá sí wa. Láti 1954 ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ti ń fi àwọn aláìsàn ilé-ìwòsàn Aro, l'Abẹ́òkúta, wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kan tó ń tọ́jú wọn. Wèrè ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé nígbà náà, ṣùgbọ́n Aro òde òní ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ó kàn jẹ́ pé a máa ń gbọ́ Aro ká pariwo, ni ẹbí á fi sọ pé "ó rìnrìn àjò".

Ìgbà tó bá wá ti ìrìn àjò náà dé ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí ń ṣẹlẹ̀: ìjà. Bàbá ti jáwọ́, ó fẹ́ máa di owó ilé mú, ìyàwó ò sì lè gbé e fún un. Ó pàṣẹ pé kí àkọ́bí lọ sùn, ọmọ náà wò ó bí àlejò. Ọmọ tó ń gba ẹ̀bi ò mọ ohun tó máa máa ṣe mọ́. Àwọn ẹbí kan á tiẹ̀ máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé ó dáa jù nígbà tó ń mu. Kì í ṣe ìwà ìkà. Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìyàwó àti ọmọ jókòó pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú kí aláìsàn tó padà wálé. Ọ̀rọ̀ owó ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ: ta ni yóò máa dì í mú ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́? Bí oníbàárà bá pè, ta ni yóò gbé e? Bó bá sì tún mu ún, torí ọ̀pọ̀ ló ń padà sí i kí wọ́n tó já a pátá, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè, ilé-ìwòsàn wo ni wọ́n máa gbé e lọ? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ nígbà tí ojú gbogbo wọn ṣì dá.