Kí ló dé tí wọ́n fi ń ya ọyàn kan ní oríṣi àwòrán mẹ́ta kí wọ́n tó gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò?

L'Abẹ́òkúta níbí, obìnrin tó bá rí kókó lọ́yàn á lọ ṣe scan (àwòrán tí wọ́n ń fi ìró yà) tán, wọ́n á tún ní kó lọ ṣe mammogram, ìyẹn x-ray ọyàn, tí wọ́n bá wá dárúkọ MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya inú ara, pẹ́nrẹ́n, látọ̀dọ̀ àwọn ará ilé dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, wọ́n á ní owó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí ẹ̀rọ kan rí, òmíì lè má rí i rárá.

Mammogram máa ń rí àwọn èérún kálísíọ́ọ̀mù wẹ́wẹ́ tí scan sábà máa ń fò. Àmọ́ tọ́yàn bá ki, ẹran ẹ̀ á funfun nínú àwòrán, kókó náà á funfun, ọ̀kan á bo èkejì. Scan ló máa sọ bóyá omi ló wà nínú kókó yẹn, dókítà sì lè máa fi wo abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gé ẹran bó ṣe ń wọlé. MRI ní tiẹ̀, wọ́n á fa oògùn kan sí iṣan, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ á tàn yanran, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó bá tàn ni jẹjẹrẹ.

Wàhálà ibẹ̀ ni báwọn àwòrán yìí ṣe máa bára mu. Ní MRI, èèyàn á dojú bolẹ̀, ọyàn á rọ̀ sísàlẹ̀. Mammogram á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Tó bá di ti scan, á fẹ̀yìn lélẹ̀, ọyàn á tẹ́. Kókó kan náà á wá dà bíi pé ó ń sá kiri. Ni dókítà á bá wo bó ṣe jìnnà sórí ọyàn àti ẹ̀gbẹ́ tó wà, á fi scan wá a padà. Àwọn ẹ̀rọ kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé bọ́wọ́ dókítà ṣe ń sún, àwòrán MRI tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ á máa sún tẹ̀ lé e lójú kọ̀ǹpútà. Tí scan ò bá rí i, wọ́n á fi mammogram yà á lẹ́ẹ̀mejì, dígíríì 15 sọ́tùn-ún, 15 sósì, kọ̀ǹpútà á fìyẹn ṣírò bó ṣe jìn tó. Ohun tó bá jẹ́ MRI nìkan ló rí i, inú MRI náà ni wọ́n ti máa gé e.

Wọ́n á kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Tó bá jẹ́ torí kálísíọ́ọ̀mù ni, wọ́n á ya ẹran tí wọ́n gé jáde ní x-ray, kó lè dájú pé èérún yẹn wà ńbẹ̀. Wọ́n á fi irin kékeré kan tí ò tó hóró ìrẹsì síbẹ̀ ṣàmì, wọ́n á tún ya mammogram bóyá ó jókòó síbi tó yẹ. Tí lábù bá wá ní kò sí nǹkan kan, tí àwòrán sì ń sọ pé nǹkan wà, wọn ò ní gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún un gé.