Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ kì í jẹ ẹran ara

Orúkọ tí a fún àìsàn yìí wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. A pè é ní jẹjẹrẹ, a sì pe ohun tó ń fà á ní kòkòrò, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbà pé nǹkan kan ló jókòó sílé ọmọ obìnrin tó ń jẹ ẹran ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi álọ́ọ̀mù fọ ojú ara, tí wọ́n ń ki ewé bọ ibẹ̀, kí kòkòrò náà lè kú.

Kò sí ohun tó ń jẹ ẹran níbẹ̀. HPV, fáírọ́ọ̀sì tí à ń wí, kò ní eyín, kò ní ikùn. Gbogbo ẹrù rẹ̀ kò ju òrùka kékeré kan ti DNA, ìwé àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ara ń kà, lọ, tí lẹ́tà inú rẹ̀ tó 8,000, nígbà tí tiwa tó bílíọ̀nù 3. Jíìnì, ìyẹn àṣẹ kọ̀ọ̀kan inú DNA, bíi 8 péré ló ní. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo jíìnì tirẹ̀ padà.

Sẹ́ẹ̀lì ojú àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ènìyàn kan náà ní jíìnì kan náà, bíi 20,000. Èyí tí a ṣí àti èyí tí a tì nínú wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ, sẹ́ẹ̀lì tó bá ti ń gòkè láti ìsàlẹ̀ awọ yẹ kó ti jáwọ́ nínú pípín sí méjì. Purotéènì ni ohun tí jíìnì ń mú jáde láti ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì adènà kan tó ń jẹ́ Rb ló di òmíràn, E2F, mú, nítorí E2F ló máa ń ṣí àwọn jíìnì ìpínyà. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì kò ní irinṣẹ́ tí yóò fi da DNA ara rẹ̀ kọ, àfi kí sẹ́ẹ̀lì gbé tirẹ̀ jáde nígbà tó bá fẹ́ pín. Ó wá rán purotéènì tirẹ̀ kan, E7, síta: E7 gbá Rb mú, ó bà á jẹ́, E2F bọ́, àwọn jíìnì ìpínyà sì ṣí sílẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ní ọdẹ tó yẹ kó kígbe, purotéènì p53. Òun ló máa ń ṣí àwọn jíìnì tó ń dá ìpínyà dúró, tàbí tó ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ kú. E6, purotéènì fáírọ́ọ̀sì mìíràn, ló ń pa ọdẹ yìí, purotéènì sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, E6AP, ló sì fi ń pa á.

Síbẹ̀, kí ẹni tí àyẹ̀wò bá sọ pé ó ní HPV má ṣe rò pé jẹjẹrẹ ti dé. Nínú ènìyàn 10, ara nǹkan bí 9 yóò lé e jáde láàárín ọdún 2. Fáírọ́ọ̀sì náà tilẹ̀ ní ìjánu tirẹ̀, purotéènì E2 (kì í ṣe E2F ti sẹ́ẹ̀lì), tí kì í jẹ́ kí E6 àti E7 pọ̀ jù. Ewu dé nígbà tó bá pẹ́ lára, tí òrùka DNA rẹ̀ já, tó sì rán ara rẹ̀ mọ́ DNA ènìyàn. Ibi tó máa ń já sí lọ́pọ̀ ìgbà ni jíìnì E2. Ìjánu ti já nìyẹn. Láti ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì ti wọlé títí di jẹjẹrẹ sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20. Bí obìnrin náà bá ní HIV tí kò gba ìtọ́jú, ó lè jẹ́ 5 sí 10.

Ẹ̀rí tó dá wa lójú jù wà nínú sẹ́ẹ̀lì HeLa, tí wọ́n mú lára Henrietta Lacks, obìnrin tó ní jẹjẹrẹ yìí, ní ọsibítù Johns Hopkins, Baltimore, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1951. Irú HPV kan, HPV 18, ló wà nínú wọn, wọ́n sì ń pín títí dòní. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dá E2 padà sínú wọn, E6 àti E7 dákẹ́, p53 àti Rb padà sẹ́nu iṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì náà sì dáwọ́ pípín dúró. Jíìnì p53 kò bàjẹ́ rárá. Ohun tó ń mú jáde ni wọ́n ń pa.

Nítorí náà, kò sí álọ́ọ̀mù tàbí ewé tó lè fọ DNA tó ti rán mọ́ tiwa kúrò. Ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dá síbẹ̀, ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni HPV ń gbà dé àwọn sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò ní DNA fáírọ́ọ̀sì nínú. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ lásán, L1, ló wà níbẹ̀. Kò sí E6, kò sí E7, kò lè fa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n kò lè lé èyí tó ti wọ sẹ́ẹ̀lì jáde, ìdí tí Nàìjíríà fi ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti oṣù kẹwàá 2023. Àgbà obìnrin nílò àyẹ̀wò: láti ọdún 30, ìdánwò DNA HPV ní ọdún 5 sí 10 síra, ẹni tó ní HIV, láti ọdún 25, ní ọdún 3 sí 5 síra. Níbi tí kò bá sí èyí, nọ́ọ̀sì lè fi ásíìdì inú fínígà, ìwọ̀n 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, pa ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, kó dúró fún ìṣẹ́jú kan, kó wo ibi tó bá funfun. Ẹni tó bá sì ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, kó má dúró de àsìkò àyẹ̀wò. Kó lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn.