Bí máṣíìnì awọ ayé àtijọ́ ṣe ń padà sẹ́nu iṣẹ́

Irin wíwúwo kọ́ ló ń sọ máṣíìnì di máṣíìnì awọ o. Èèyàn lè rí máṣíìnì ilé kan tó jẹ́ irin gbuu, tí ọwọ́ kan ò lè gbé, kí ẹni tó ń tà á sì máa lérí pé kò sí awọ tí kò lè rán. Òótọ́ ni pé ó lè gún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì kọjá, àmọ́ kí abẹ́rẹ́ gún awọ kọjá, ìyẹn nìkan kọ́ là ń pè ní awọ rírán. Iṣẹ́ gidi ni kí awọ rìn dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì, kí okùn tó nípọn lè gba ojú ténṣàn (ibi tó ń fún okùn) kọjá láì há, kí ìkọ́ ìsàlẹ̀ sì bá okùn yẹn pàdé lásìkò. Mẹ́ta yìí ni ẹni tó ń fi àtúnṣe máṣíìnì àtijọ́ ṣe fàájì ń wá, ọ̀dà dídán ò sí níbẹ̀ rárá.

Bí ojú ìrán kan ṣe ń wáyé ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀, torí orí ẹ̀ ni gbogbo àtúnṣe tó kù dúró lé. Abẹ́rẹ́ á gbé okùn òkè wọnú awọ títí á fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀. Bó ṣe ń gòkè yẹn, awọ ti di okùn mú, okùn ò lè tètè bá abẹ́rẹ́ padà, ló bá wú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́, ó di ojóbó kékeré. Inú ojóbó yẹn ni ẹnu ìkọ́ máa kó sí, á fà á gbòòrò, á gbé e yí bọ́bìnì (ibi tí wọ́n ká okùn ìsàlẹ̀ sí) ká, lẹ́yìn náà ni apá tó ń fa okùn lókè á wá fa gbogbo ẹ̀ padà sókè, tí okùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ á fi lọ́ mọ́ra wọn láàárín awọ. Àárín ni o, kò gbọ́dọ̀ hàn lókè, kò sì gbọ́dọ̀ hàn nísàlẹ̀. Ibi tí awọ ti le ju aṣọ lọ nìyí: tí ẹsẹ̀ máṣíìnì ò bá tẹ awọ mọ́lẹ̀ tó, awọ á bá abẹ́rẹ́ gòkè, ojóbó ò ní í yọ, ìkọ́ á kọjá lófìfo, ojú ìrán á sì fò. Ọ̀pọ̀ tó ń pariwo pé tàìmíìnì (àsìkò tí ìkọ́ fi ń pàdé abẹ́rẹ́) ti bàjẹ́, síkúrúù tó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ fún.

Ká wá sórí bí máṣíìnì ṣe ń wọ́ awọ. Lára máṣíìnì télọ̀ bíi Singer 31-15, eyín abẹ́ (irin eléyín tó wà lábẹ́ iṣẹ́) nìkan ló ń wọ́ iṣẹ́, ẹsẹ̀ òkè kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Aṣọ á rìn, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n awọ á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ òkè, ìpele ìsàlẹ̀ á máa lọ, ti òkè á máa fà sẹ́yìn, ìgbà tí ìrán bá fi máa parí etí méjèèjì ò ní í bára mu mọ́, eyín á sì tún ti já àpá sẹ́yìn awọ. Singer 111W155 gba ọ̀nà mìíràn, abẹ́rẹ́ fúnra ẹ̀ ló ń bá iṣẹ́ rìn: á gún un, á sì bá eyín ìsàlẹ̀ àti ẹsẹ̀ inú gbé e lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ìta á wá di iṣẹ́ mú títí àwọn yòókù á fi padà wá mú òmíràn. Nígbà tí abẹ́rẹ́ ti fi gbogbo ìpele gún pọ̀, ìkankan ò lè yọ́ sá. Fún ẹni tó fẹ́ máa rán báàgì àti wọ́lẹ́ẹ̀tì, irú èyí ló dára jù, mi ò rò pé ó yẹ ká máa jiyàn lé e lórí.

Ìkẹta ni èyí tí àwọn aránbàtà mọ̀ dáadáa, Singer 29K, tí Adler 30 ti Jámánì náà jẹ́ irú ẹ̀. Kò ní eyín nísàlẹ̀ rárá, ẹsẹ̀ òkè ló ń ta awọ lọ, ẹsẹ̀ yẹn sì lè yí po pátápátá, kéèyàn máa rán síwájú, sẹ́yìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ láì yí bàtà padà. Apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wọnú bàtà lọ síbi tí ọwọ́ èèyàn ò lè dé. Ó rẹwà lójú, ó rọrùn láti rí rà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, kí wọ́n tó wá rí i pé máṣíìnì àtúnṣe ni, kì í ṣe ti bẹ́líìtì tàbí gàárì. Bọ́bìnì ẹ̀ kéré, okùn ńlá á ti tán kí iṣẹ́ tó dé ìdajì. Awọ tó nípọn gan-an, Singer 45K tàbí Singer 7 ló ń bá a jà.

Lẹ́tà tó wà láàárín orúkọ yẹn náà ní ìtumọ̀. K ni Kilbowie, ilé iṣẹ́ Singer tó wà ní Clydebank ní Scotland, èyí tí wọ́n tì pa ní 1980. W ni Bridgeport ní Connecticut, l'Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá ti mọ orúkọ kíláàsì ẹ̀ (bíi 29K tàbí 111W155) pátó, iṣẹ́ ti dín kù, torí òun ló máa sọ irú abẹ́rẹ́ tó ń lò, irú bọ́bìnì àti ibi tí àwọn ojú epo wà.

Kéèyàn tó sanwó, kó fi ọwọ́ yí wíìlì díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń yí, kó wo bóyá abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò tán, bóyá ọ̀pá abẹ́rẹ́ ń mì sọ́tùn-ún sósì, bóyá ilé bọ́bìnì ṣì wà níbẹ̀. Ilé bọ́bìnì tó sọnù lára máṣíìnì tí kò gbajúmọ̀ lè náni ju orí máṣíìnì fúnra ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún yín níbi tí wọ́n ti ń tà á. Tí kò bá yí rárá ńkọ́? Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ burú, epo tó ti gan ló sábà máa ń fa ìyẹn, kì í ṣe irin tó kán. Èyí tó ń yí fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ jù tí gbogbo ara ẹ̀ ń ró kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù, torí epo gígan ń yọ́, irin tó ti jẹ ò lè hù padà.

Èyí tó gan, sùúrù ni oògùn ẹ̀. Wọ́n á da kẹrosíìnì tàbí epo tó ń wọ irin sínú gbogbo ojú epo àti gbogbo ibi tí irin méjì ti ń gún ara wọn, wọ́n á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á tún da á, wọ́n á máa fọwọ́ mi wíìlì síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ooru náà ń ràn án lọ́wọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ti tó láti yọ́ epo tó ti le bí ìpara. Ohun tí kò dáa ni kéèyàn fi páìpù gígùn wọ wíìlì kó wá fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, torí irin àtijọ́ yẹn jẹ́ irin dídà, kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń fọ́. Tó bá ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kẹrosíìnì á máa gbé ìdọ̀tí jáde ní àwọ̀ bíi tíì dúdú, wọ́n á máa nù ún, wọ́n á máa da òmíràn, títí tó fi máa jáde mímọ́. Ìgbà yẹn ni epo máṣíìnì gidi, èyí tó fúyẹ́ tí kò ní àwọ̀, wá kàn. Kẹrosíìnì kì í ṣe epo ìṣiṣẹ́ o, ó ń fọ ni, tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń rán, irin á máa jẹ irin.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà, ṣọ́ra. Àwọn òdòdó àti lẹ́tà aláwọ̀ wúrà lára Singer àtijọ́, shellac, irú ọ̀dà dídán kan, ni wọ́n fi bò ó, ọtí sípírítì sì ń yọ́ shellac, ẹni tó bá fi sípírítì nù ún á rí i tí wúrà ọgọ́rùn-ún ọdún á bá tówẹ́ẹ̀lì lọ. Epo máṣíìnì lásán lórí aṣọ rírọ̀ ti tó, kí wọ́n rọra máa nù ún. Ìpẹtà orí irin tí kò ní ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì wáyà tó rọ̀ àti epo á ṣe é, tó bá jìn, àwọn omi tó ń yọ ìpẹtà láì jẹ irin wà lọ́jà. Àwọn kan á ní kí wọ́n bó gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tún un kùn, ìyẹn wu ojú ṣá, àmọ́ kò fi kún iṣẹ́ tí máṣíìnì ń ṣe.

Síkúrúù nìyí. Singer ní ìwọ̀n tiẹ̀ tó yàtọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá èyí tí wọ́n ń tà lásán mu, nítorí náà tí orí síkúrúù bá bàjẹ́, wàhálà ńlá ni. Ẹnu síkúrúdíráfà gbọ́dọ̀ kún ojú síkúrúù dáadáa, láìmì, láìyọ̀. Ya fọ́tò kó o tó tú nǹkan kan, kó gbogbo ẹ̀ sínú ike lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó bá le jù kí wọ́n kọ́kọ́ da epo sí i kí wọ́n sì padà wá lọ́la.

Jíjẹ irin wá ni ọ̀rọ̀ tó le jù, 29K la máa fi ṣàpẹẹrẹ torí òun ni ọ̀pọ̀ máa bá pàdé. Kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré àti irin eléyín tó gùn ló ń yí ilé bọ́bìnì nínú apá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, eyín yẹn ń jẹ díẹ̀díẹ̀, àyè á wá wà láàárín wọn, ìkọ́ á wá máa pẹ́ kó tó dé, ojú ìrán á sì máa fò. Ibòmíràn tó tún máa ń jẹ ni lókè, níbi tí apá tó ń ta ẹsẹ̀ ti ń fara nù òrùka irin tó ń gbé e. Tó bá ti jẹ, kéèyàn yí òdiwọ̀n ojú ìrán dé ibi tó gùn jù, ojú ìrán á ṣì kúrú. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi bàbà jó ibi tó jẹ kí wọ́n wá fi fáìlì tún un ṣe, àwọn míì ra àwọn irin tuntun tí wọ́n ṣì ń ṣe fún un. Ìdí tí 29K fi dára fún olùkọ́ṣẹ́ nìyẹn náà, ó ṣì ń rí spare.

Tàìmíìnì ń dẹ́rù bani ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ máṣíìnì, wọ́n á mú abẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á wá jẹ́ kó gòkè nǹkan bíi milimítà 2 sí 2.5, ibẹ̀ ni ẹnu ìkọ́ gbọ́dọ̀ ti dé àárín abẹ́rẹ́, lókè ojú rẹ̀ díẹ̀, kó sì súnmọ́ ọn láì fara kàn án. Tó bá fara kàn án, abẹ́rẹ́ á máa tẹ̀, ẹnu ìkọ́ á sì máa gbà àbùkù, àbùkù yẹn ló máa ń gé okùn lẹ́yìn ìgbà yẹn. Sáńpépà tó kúnná gan-an ni wọ́n fi ń nù ún títí á fi dán. Ṣùgbọ́n kéèyàn tó fọwọ́ kan tàìmíìnì, kó kọ́kọ́ yí abẹ́rẹ́ padà. Abẹ́rẹ́ tí kò bá kíláàsì mu gùn tàbí kúrú jù, gbogbo ìwọ̀n yìí á sì dàrú. 29K ń lo 29x3 tó ní ẹnu bíi ọ̀bẹ fún awọ àti 29x4 tó ní ẹnu róbótó. 111W155 ń lo 135x16 fún awọ àti 135x17 fún aṣọ tó nípọn. Nọ́ńbà ìwọ̀n abẹ́rẹ́ rọrùn, 160 túmọ̀ sí milimítà 1.6 ní ìbú.

Okùn ló ń yan abẹ́rẹ́. Tex ni ìwúwo okùn ní gíráàmù fún mítà 1000, okùn Tex 70 ń fẹ́ abẹ́rẹ́ 110, Tex 135 ń fẹ́ 140 tàbí 160, Tex 210 á lọ sí 180. Tí abẹ́rẹ́ bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ihò ò ní í gba ìlọ́mọ́ra okùn méjì, á wá jókòó sísàlẹ̀ awọ, àwọn èèyàn á sì máa fún ténṣàn títí okùn á fi já. Okùn pólíẹ́sítà ń fara da oòrùn ju náílọ́ọ̀nù lọ, èyí ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ tó máa wà níta.

Mọ́tò iná ńkọ́? Èyí tó wà lára tábìlì àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ mọ́tò oníkílọ́ọ̀ṣì, tó ń yí nígbà 1725 tàbí 3450 ní ìṣẹ́jú kan, kì í sinmi láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan án. Ó le jù fún awọ, èèyàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ti sáré kọjá igun. Àwọn tó ń fi ṣe fàájì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sọ́dọ̀ mọ́tò sáfò tán, ó ń yí kìkì ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó sì lè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Púlì kékeré lára mọ́tò pẹ̀lú púlì ńlá lára máṣíìnì náà ń dín eré kù, ó sì ń fi agbára kún un: púlì milimítà 50 tó ń yí ti 100, ìdajì eré ló máa fún un. Yàtọ̀ sí igun, eré jù ń mú abẹ́rẹ́ gbóná títí tí okùn náílọ́ọ̀nù á fi yọ́ tí á sì já.

Ìrán fúnra ẹ̀ wá dẹrùn. Awọ ègé ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán láìsí okùn, kí wọ́n wo ihò, bóyá àlàfo ẹ̀ ń dọ́gba. Ihò inú awọ kì í dí padà bíi ti aṣọ, ẹni tó bá ń rán an súnmọ́ra jù á gbé e ya bíi tìkẹ́ẹ̀tì, milimítà 3 sí 4 dára fún okùn tó nípọn. Kí wọ́n fi góòmù lẹ ìpele pọ̀, kí wọ́n di orí okùn méjèèjì mú lẹ́yìn fún ojú ìrán mélòó kan àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á wọlé lọ dí ìkọ́. Púpọ̀ nínú máṣíìnì àtijọ́ ò lè rán sẹ́yìn, níparí wọ́n á yí iṣẹ́ padà, tàbí ẹsẹ̀ 29K, wọ́n á fi gba inú ihò méjì tàbí mẹ́ta kan náà padà, wọ́n á gé okùn sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi iná láítà yọ́ orí ẹ̀ kó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Okùn ọ̀gbọ̀ ò ní í yọ́, ó máa jó ni, góòmù díẹ̀ ló yẹ ẹ́.