Mo Mọ̀ Pé Kò Sí Ọ̀gbun Níbẹ̀, Kí Ló Wá Dé Tí Ẹsẹ̀ Mi Ò Gbéra?

Ìbátan mi kan tó ń ta fóònù ló ra awò VR kan sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ìyẹn awò tó ń gbé ojú èèyàn wọnú ayé tí kọ̀ǹpútà yà, ó ní kí gbogbo wa wá gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó fẹ́ jọ awò tí àwọn wẹ́dà máa ń dé, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ, téèyàn bá sì ti dé e sójú, kò ní rí ibi tó wà mọ́ rárá. Ó fi géèmù kan sí i, bí mo ṣe lajú báyìí, orí ilé gogoro kan ni mo bá ara mi, wọ́n na pákó tín-ín-rín kan síta látibẹ̀, ó ní kí n rìn ín dé ìparí. Orí táìlì ni mo wà o, táìlì pẹrẹsẹ, mo ṣì ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ìta, mo ń gbọ́ òórùn àkàrà ìyá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi ò gbéra. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà kan gbàgbé ohun tó wá rà.

Àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀, látọjọ́ náà ló ti ń da ìbéèrè bò mí lórí WhatsApp, èmi náà wá lọ ń kàwé kiri kí ojú má baà tún tì mí. Àwọn ìbéèrè ẹ̀ rèé, pẹ̀lú ohun tí mo fi dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀bù lẹ wà, kí ló wá ń bà yín lẹ́rù?

Mo mọ̀ o. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wá rújú. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé èmi tó mọ̀ yẹn kọ́ ló ń darí ẹsẹ̀. Ojú ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ sára pé ọ̀gbun rèé, ara gbà á gbọ́, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ ń làágùn, kí èmi onímọ̀ tó wá dé pẹ̀lú "ẹ fara balẹ̀, táìlì ni", ará ilé ti sá tán.

Ara ò jókòó wádìí bóyá òótọ́ ni àbí irọ́. Ohun tó ń wò ò jù pé tí mo bá yíjú sọ́tùn-ún, ṣé ohun tí mò ń rí náà yí? Tí mo bá wolẹ̀, ṣé ìsàlẹ̀ ni mo rí? Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó ti gbà nìyẹn. Ìdí tí tẹlifíṣọ̀n kì í fi ṣe wá bẹ́ẹ̀ rèé, o lè máa wo ẹni tó so rọ̀ lórí òkè nínú fíìmù, ṣùgbọ́n o yíjú díẹ̀, ògiri pálọ̀ lo rí, ara ti mọ̀ pé ilé lòun wà. Nínú awò VR, ojú kọ̀ọ̀kan ló ní àwòrán tiẹ̀, ẹ̀rọ inú ẹ̀ sì ń ṣọ́ orí ẹ lójú méjèèjì, bí o ṣe ń mì ín ló ń tún àwòrán yà, bíi ìgbà 90 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn tó ń ṣe é máa ń sapá kó má pẹ́ ju ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ láti ìgbà tí orí bá mì sí ìgbà tí àwòrán yí.

Mel Slater, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Barcelona, kọ ọ́ ní 2009 pé nǹkan méjì ló pàdé: ó ń ṣèèyàn bíi pé ó wà níbẹ̀, ó sì tún ń ṣe é bíi pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ dájú pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kí òyìnbó tó kọ ìyẹn, ṣebí àwa náà mọ̀ ọ́n. Tí egúngún bá jáde, ta ni ò mọ̀ pé èèyàn ló gbé e? Síbẹ̀ jẹ́ kó kọjú sí ẹ tòun ti pàṣán, kí n rí i bóyá wàá dúró ṣàlàyé.

Èébì ń gbé mi nígbà tó kàn mí, ṣé àìsàn ni?

Rárá o. Inú etí lọ́hùn-ún, àwọn ihò róbótó mẹ́ta kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, omi ló wà nínú wọn, omi yẹn ló ń sọ fún ọpọlọ pé orí ń yí. Géèmù tí ìwọ ṣe, mọ́tò tó ń sáré ni. Ojú ń pariwo pé à ń lọ, omi etí ní irọ́ ni, a jókòó. Ọpọlọ ò mọ ẹni tó máa gbà gbọ́, ló bá dà á sí inú. Òdìkejì ẹ̀ lohun tó máa ń ṣe ẹ́ tó o bá ń tẹ fóònù nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ìbàdàn. Máa fi géèmù tí wọ́n ń dúró lójú kan bẹ̀rẹ̀, tó bá sì ti ń rìn ẹ́, bọ́ ọ, má ṣe akíkanjú.

Ṣé kiní yìí tiẹ̀ wúlò fún nǹkan kan, yàtọ̀ sí kí wọ́n fi dẹ́rù ba èèyàn?

Ó wúlò, ìwúlò ẹ̀ gan-an ló ń yà mí lẹ́nu jù. Ní Seattle, ní Yunifásítì Washington, Hunter Hoffman àti David Patterson ṣe é fún àwọn tí iná jó. O mọ̀ pé tí wọ́n bá ń wẹ egbò iná, oró ẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ, oògùn ìrora gan-an kì í ká a tán. Wọ́n á dé awò fún aláìsàn, yóò bá ara ẹ̀ láàárín òkè yìnyín, yóò máa ju ìṣù yìnyín mọ́ àwọn ère yìnyín, nọ́ọ̀sì á sì máa bá iṣẹ́ lọ lára ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sọ pé ìrora náà dín kù gidigidi. Iná jó o, wọ́n gbé ẹ lọ sínú yìnyín. Ẹni tó ronú ìyẹn kàn, orí ẹ̀ pé.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ àfarawé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi ohun gidi, kọ́ èèyàn níṣẹ́. Edwin Link, ọmọ ẹni tó ní ilé iṣẹ́ dùùrù ní Binghamton, ìpínlẹ̀ New York, ní 1929 ló fi ewìrì inú dùùrù bàbá ẹ̀ ṣe bàlúù kékeré kan tí kì í fò, ewìrì ló ń gbé e sókè sódò tó ń dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn kà á sí ohun ìṣeré, ibi ìgbafẹ́ ló kọ́kọ́ ń rà á. Ní 1934 ìjọba Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kíkó lẹ́tà nínú bàlúù fún àwọn ológun, ojú ọjọ́ burú, ọ̀pọ̀ páílọ́ọ̀tì ò mọ bí wọ́n ṣe ń wa bàlúù nínú kùrukùru, ni wọ́n bá ń já tí wọ́n ń kú. Ìgbà yẹn ni wọ́n sáré ra mẹ́fà lọ́wọ́ Link. Lónìí, páílọ́ọ̀tì tó ti mọṣẹ́ lè kọ́ bàlúù tuntun látòkèdélẹ̀ nínú ẹ̀rọ àfarawé, ọjọ́ tó máa kọ́kọ́ wa bàlúù náà gan-an, èrò lè ti wà lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀gá tó ń dá a lẹ́kọ̀ọ́ ni yóò jókòó tì í. Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Tó o bá wọ bàlúù, má rántí.

Rọ́bọ́ọ̀tì ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ará Jàpáàn ń sìnkú ajá onírin, ṣé orí wọn pé?

Orí wọn pé ju tèmi àti tìẹ lọ. Ní 1999 ni Sony gbé ajá rọ́bọ́ọ̀tì kan jáde, Aibo lorúkọ ẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní Jàpáàn, ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi tán. Ó ń rìn, ó ń jùrù, ó ń gbá bọ́ọ̀lù kiri, àwọn arúgbó kan ń bá a gbé bí ọmọ. 2006, wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é. 2014, wọ́n ṣíwọ́ títún un ṣe. Àwọn kan tó ti bá Sony ṣiṣẹ́ rí ló wá ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò sí páàtì mọ́, inú ajá tó ti kú ni wọ́n ti ń yọ ọ́ fún èyí tó ṣì ń mí. Kí wọ́n tó tú u palẹ̀, wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé e lọ sí tẹ́ńpìlì Kofuku-ji ní Isumi kí àlùfáà ṣàdúrà fún un. Wọ́n tò wọ́n sójú kan, wọ́n so páálí pélébé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, orúkọ ajá àti ti ìdílé tó ti wá ló wà níbẹ̀.

Bó ṣe rí lórí pákó náà ló rí níbí. Onílé mọ̀ pé bátìrì ni. Ṣùgbọ́n nǹkan tó bá yíjú nígbà tó o wọlé, tó bá dáhùn tó o pè é, ara ò ní àpótí míì tó máa tò ó sí, àpótí ẹlẹ́mìí ló máa tò ó sí.

Ẹlòmíì tó gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Takanori Shibata, ó ṣe Paro, rọ́bọ́ọ̀tì funfun onírun tí wọ́n ń gbé lé àwọn àgbà tí iyè wọn ti ra lọ́wọ́, tí wọ́n bá ń fọwọ́ pa á, á máa dijú, á máa ké wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ológbò ló kọ́kọ́ gbìyànjú, àwọn èèyàn ní kò ṣe bíi ti ológbò tí àwọn mọ̀. Ló bá ṣe seal, ẹran omi tó ń gbé láàárín yìnyín, ta ló ti gbé ọmọ ẹ̀ rí? Nígbà tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó máa sọ pé kò jọ ọ́. Ní 2009, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kà á mọ́ ohun èlò ìṣègùn.

Tèmi ni pé tí wọ́n bá gbé e lé màmá lọ́wọ́ nítorí ó ń tù wọ́n lára, ó dáa. Tó bá jẹ́ nítorí kí ọmọ má baà wá kí wọn, ìyẹn ò kan rọ́bọ́ọ̀tì, ọmọ yẹn ni kí a pè síkọ̀ọ̀kọ̀.

Mo rí fídíò ìyá kan tó pàdé ọmọ ẹ̀ tó ti kú nínú VR. Mo sunkún gan-an. Ṣé ó dáa kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ní Gúúsù Kòríà ni, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n MBC ló gbé e jáde ní oṣù kejì ọdún 2020. Ọmọ náà kú ní 2016, ọmọ ọdún méje ni. Wọ́n lo fọ́tò àti fídíò tó wà nílé láti tún un yà, ìyá dé awò, ó wọ ìbọ̀wọ́ tó ń jẹ́ kó dà bíi pé ọwọ́ òun kan nǹkan. Ọmọ sá jáde, ó ń béèrè pé níbo ni màmá wà. Ìyá na ọwọ́, ọwọ́ ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, ọkọ àti àwọn ọmọ tó kù jókòó, wọ́n ń wò. Ìyá náà sọ lẹ́yìn ẹ̀ pé ó dà bí àlá rere kan.

Mi ò lè dá a lẹ́bi, Yorùbá wo ló máa dá a lẹ́bi? Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láyé àtijọ́, wọ́n á gbẹ́ ère fún un, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á lára, á wọṣọ fún un, á gbé oúnjẹ kàn án lẹ́nu nígbà tí èkejì ń jẹun. Lọ wo èyí tó pẹ́ lára wọn, imú ti pẹlẹ́bẹ, ojú ti ń pòórá, ìwẹ̀ ojoojúmọ́ ló họ ọ́. Ère àgbàlagbà ni wọ́n ń gbẹ́ fún ìkókó, kò jọ ọmọ náà rárá, kò sì ba nǹkan kan jẹ́, ìyá ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tó kù.

Ibi tó ti ń kọ mí lóminú rèé. Ère kì í sọ̀rọ̀. Ohun tí ọmọ Kòríà yẹn sọ, òṣìṣẹ́ kan ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Tó bá di pé ẹnikẹ́ni lè sanwó kí bàbá ẹ̀ tó kú máa bá a sọ̀rọ̀ lálaalẹ́, ta ló ń fi ọ̀rọ̀ sí bàbá lẹ́nu? Ọjọ́ tí owó oṣù bá tán, ṣé wọ́n á tún pa bàbá ni? Ère ìbejì ò ní páswọ́ọ̀dù, inú ilé ìyá ló wà, kò sì sẹ́ni tó lè ti òkèèrè pa á.

Ṣé kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa lò ó?

Díẹ̀díẹ̀ ni o, kí ojú ẹ sì wà níbẹ̀. Ní Stanford, wọ́n fi VR han àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bíi pé àwọn gan-an ń bá àbùùbùtán wẹ̀ nínú òkun, wọ́n gbé ìwádìí náà jáde ní 2009. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n padà béèrè lọ́wọ́ wọn, àwọn kan lára wọn ní ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àwọn rántí. Àgbàlagbà bíi tèmi ń bá ara ẹ̀ jà lórí táìlì, ká tó wá sọ ti ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ayé yìí gan-an kì í ṣe géèmù tí ẹnì kan ń ṣe?

Nick Bostrom, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan, kọ nǹkan lórí ìyẹn ní 2003, àwọn kan ò sì tíì sùn látìgbà yẹn. Ayé lọjà, ọ̀run nilé, àwọn bàbá wa ti sọ tiwọn. Èmi ò ní ṣe àríyànjiyàn, máa san owó iná ẹ.

Ṣé ẹ máa tún dé e?

Mo ti tún dé e. Sátidé tó kọjá, mo rin pákó yẹn dé ìparí, ìbátan mi yẹn ní kí n fò. Mo fò. Ohun tí mo ṣe ní tòótọ́ ò ju pé mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú lórí táìlì, ṣùgbọ́n orúnkún mi yẹ̀ bíi pé kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, mo sì fi àgbọ̀n gbá ṣókéèsì tó ń kó fóònù sí. Ṣókéèsì ò fọ́. Àgbọ̀n mi wú fún ọjọ́ mẹ́ta, ìwọ náà lo ní kí n fi yìnyín sí i.