Iṣẹ́ abẹ fún eegun ẹ̀yìn tó wó nítorí ọsitiopórósìsì

Ọsitiopórósìsì ni àìsàn tó ń jẹ eegun nínú, tí eegun yóò dà bí igi tí ikán ti jẹ gbun, tí èèpo rẹ̀ ṣì dúró. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ló ń mú jù, àti àwọn tó ti lo prednisolone, oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù kan, fún ìgbà pípẹ́. Bí irú eegun bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, kò dìgbà tí èèyàn bá já látorí igi kó tó wó. Ìyá àgbà kan ní Iléṣà lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25, kí ìrora gún un lẹ́yìn bí ọ̀bẹ, kó má sì lè nàró mọ́. Iwájú eegun ló sábà máa ń rún, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á dúró. Lójú X-ray, yóò rí bí igi tí àwọn onílọ́rì fi ń há táyà. Eegun T12 (ìkejìlá nínú àwọn tí egungun ìhà so mọ́) àti L1 (àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀) ló ń kàgbákò jù, torí ibẹ̀ ni apá tí egungun ìhà dì mú ti pàdé ìbàdí tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Kí wọ́n tó gbé abẹ

Ní agbègbè Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ní kí ọmọ kékeré gun ẹ̀yìn àwọn láti fi tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ̀yìn bá ń ro wọ́n. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe èyí fún àgbàlagbà tí ìrora rẹ̀ dé lójijì. OAUTHC, ilé-ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó ní ẹ̀ka ní Ilé-Ifẹ̀, tí Wesley Guild ní Iléṣà náà wà lábẹ́ rẹ̀, ni ilé-ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ wọn jù.

Kì í ṣe gbogbo eegun tó wó ni ti ọsitiopórósìsì. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ eegun ẹ̀yìn: ó sábà máa ń jẹ eegun méjì pọ̀ mọ́ tìmùtìmù tó wà láàárín wọn, ibà àti rírù sì máa ń bá a rìn. Jẹjẹrẹ náà máa ń ba eegun jẹ, pàápàá ọrùn eegun, ìyẹn afárá tó so iwájú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá rọ sìmẹ́ńtì (èyí tí wọ́n ṣe fún eegun, kì í ṣe ti ìkọ́lé) sínú eegun tí kòkòrò àrùn wà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ olè nínú ilé. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló ń fi hàn bóyá eegun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wó, nítorí omi máa ń wà nínú èyí tó tuntun.

Oògùn ìrora, bẹ́líìtì ẹ̀yìn àti ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìrora máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ìdùbúlẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kò dára, torí eegun á túbọ̀ joro, egbò ìdùbúlẹ̀ á sì yọ.

Fífi sìmẹ́ńtì kún eegun

Ní ọdún 1984, ní ìlú Amiens ní ilẹ̀ Faransé, ni àwọn dókítà Galibert àti Deramond ti kọ́kọ́ fi sìmẹ́ńtì kún eegun, fún kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú eegun ọrùn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n mú un wá sórí ọsitiopórósìsì.

Aláìsàn á da ikùn délẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ àyà àti ìbàdí. Èyí nìkan lè la eegun tó rún náà díẹ̀. Wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ lidocaine tó ń pa ìrora, láti awọ ara dé ojú eegun. Lábẹ́ ẹ̀rọ X-ray tó ń fi àwòrán hàn lójú ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ ńlá, nọ́ńbà 11 tàbí 13, á gba ọrùn eegun wọlé. Níbí ni wàhálà wà: orí abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá etí inú ọrùn náà nínú àwòrán iwájú, kó tó kọjá ògiri ẹ̀yìn eegun nínú àwòrán ẹ̀gbẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti wọ ihò tí iṣan ara (èyí tó ń gbé ìmọ̀lára) ń gbà.

Wọ́n á po ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì mọ́ omi rẹ̀. Bó bá ṣì rí bí ẹ̀kọ mímu, yóò ṣàn. Kó nípọn bí ọṣẹ ìfọyín ni wọ́n ń retí. Mìlílítà 2 sí 6 ló sábà máa ń tó, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń tì í. Bó bá ti sún mọ́ ògiri ẹ̀yìn, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì.

Ọ̀nà kejì ni ti bàlúùnù: wọ́n á fẹ́ ẹ nínú eegun kó lè gbé e sókè, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì fi sìmẹ́ńtì dí àyè rẹ̀. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Sìmẹ́ńtì tó bá ṣàn kì í sábà mú ìnira wá, àmọ́ ó lè fún iṣan ara pa, tàbí kó gba iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Eegun tó wà nítòsí náà lè wó lẹ́yìn rẹ̀.

Àríyànjiyàn

Ní ọdún 2009, ìwádìí méjì fi aláìsàn tó gba sìmẹ́ńtì wé ẹni tí wọ́n kàn ṣe bí ẹni pé wọ́n ṣe é fún. Ìrora àwọn méjèèjì rọlẹ̀ bákan náà. Ìwádìí VAPOUR ti ọdún 2016, ní Australia, rí àǹfààní fún àwọn tí eegun wọn wó láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Fún ìdí èyí, ó yẹ kí wọ́n fi í mọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ìrora rẹ̀ le, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí oògùn kò sì ràn án.

Iṣẹ́ abẹ ńlá

Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí ìtọ̀ kò jáde tàbí tó ń jò, èérún eegun lè ti tẹ iṣan ara. Ìgbà náà ni wọ́n ń la ẹ̀yìn, tí wọ́n ń ṣí àyè fún iṣan, tí wọ́n sì ń fi skúrù àti ọ̀pá irin gbé eegun ró. Skúrù kì í di eegun tó ti fẹ́lẹ́ mú dáadáa. Nítorí náà, wọ́n sábà máa ń dè é mọ́ ó kéré tán eegun méjì lókè àti méjì nísàlẹ̀, wọ́n sì lè fi sìmẹ́ńtì mú un ṣinṣin.

Kò sí èyí nínú wọn tó wo ọsitiopórósìsì fúnra rẹ̀. Nínú àwọn oògùn ọsitiopórósìsì, alendronate 70 mg lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló wọ́pọ̀: kí aláìsàn fi ife omi kan mu ún ní òwúrọ̀ kó tó jẹun, kó sì jókòó tàbí dúró nàró fún ìṣẹ́jú 30, kó má baà jó ọ̀nà ọ̀fun. Abẹ́rẹ́ denosumab 60 mg wà fún oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí wọ́n bá dá a dúró láìfi oògùn mìíràn rọ́pò, eegun ẹ̀yìn púpọ̀ lè wó tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tí kò dá lójú pé òun á rí owó rẹ̀ san ní gbogbo oṣù mẹ́fà, alendronate ni kó bá dókítà sọ.