Pé mọ́tò sítáàtì kò ní kí wáyà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti dára

Olè fọ́ ibi kọ́kọ́rọ́ píkọ́ọ̀pù àtijọ́, ó fa wáyà jáde, ó lọ́ wọn mọ́ra, ó gbé ọkọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ náà, ríwáyà lọ́ wáyà kan náà padà, ó fi tẹ́ẹ̀pù wé e, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ni oní-mọ́tò bá ní ó ti parí. Kò tíì parí rárá.

Ti títú orí nẹ́gétíìfù bátìrì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa ti mọ ìyẹn. Wáyà ńlá tó ti ọ̀dọ̀ bátìrì wá síbi kọ́kọ́rọ́ ni wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lórí Hilux ayé 1980 àti irú rẹ̀, tọ̀sán-tòru ni iná wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti yọ kọ́kọ́rọ́. Fusible link ló ń dáàbò bò ó: wáyà kúkúrú létí orí pọ́sítíìfù, tó tín-ín-rín ju wáyà tó ń ṣọ́, kó lè kọ́kọ́ jó. Bí wáyà tí olè fà jáde bá kan bọ́dì, fusible link yìí ló máa ń jó. Ẹni tó bá fi wáyà lásán dípò rẹ̀ ti yọ ààbò kúrò.

Wọ́n á ní fíúsì á gbà á. Báwo? Bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n ni wáyà àfọwọ́lọ́ ń tú, tí ọ̀rinrin ń wọ̀ ọ́. Ká ní ìdènà tí iná ń bá pàdé lójú ìsopọ̀ náà jẹ́ 0.05 ohm péré, tí ampere 20 sì ń gbà á kọjá, ooru wáàtì 20 ló ń jáde lójú kan ṣoṣo yẹn lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Tẹ́ẹ̀pù á yọ́. Fíúsì ampere 30 kò sì ní gé, torí iná tó ń kọjá kò pọ̀ jù fún un.

Ẹ gé wáyà sẹ́yìn dé ibi tí bàbà rẹ̀ ti ń dán. Ẹ jó lẹ́ẹ̀dì sí i, ẹ fi rọ́bà tó ń fún mọ́ra tí ooru bá kàn án bò ó, ẹ má sì jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ méjì fara kanra. Swítìchì ẹ̀yìn, tí àwọn wáyà wọ̀nyí so mọ́, yàtọ̀ sí ilé kọ́kọ́rọ́ tí à ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, ẹ ra èyí tó bàjẹ́ nìkan.

Ẹ fi tẹ́sítà wò ó, torí àwọ̀ wáyà kò bára mu lórí gbogbo mọ́tò. Tí ẹ bá ń sítáàtì, iná gbọ́dọ̀ kúrò lára wáyà rédíò, kó wà lára ti kọ́ìlì, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Tọwọ́ bá ti kúrò lórí kọ́kọ́rọ́, kó kúrò lára ti sítátà lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá kúrò, sítátà á máa yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títí á fi jóná.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àfọwọ́lọ́ ló ń gbiná, òmíràn lè lo ọdún. Àmọ́ kí ẹ tó wà á jáde, ẹ yẹ irin tó ń ti sítíárìn wò. Bí olè bá fọ́ ilé kọ́kọ́rọ́, irin náà lè ṣì wà nínú, kó ti sítíárìn pa lórí eré. Tó bá ń mì, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.