Script tí ẹ ti pa dà sí bytecode kò ní sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní South Gate, lẹ́gbẹ̀ẹ́ FUTA ní Àkúrẹ́, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá síwájú mi. Áàpù tó ń kọ fún àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní ìlú Oǹdó ń fà bí ìgbín. Èdè C ló fi kọ ọ́, ó sì ki ẹ́ńjìnnì Lua, èdè kọ̀ǹpútà kékeré kan, bọ inú rẹ̀, kí wọ́n lè máa yí owó kìlò kòkó padà nínú script kékeré (fáìlì àṣẹ tí a kọ) láìjẹ́ pé òun tún gbogbo áàpù kọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi luac pa gbogbo script yẹn dà sí bytecode lánàá. Wọ́n ti di èdè ẹ̀rọ báyìí. Kí ló dé tí wọn ò sáré?" Luac ni irinṣẹ́ Lua tó ń pa script dà sí bytecode, ìyẹn àwọn àṣẹ kúkúrú tí ẹ́ńjìnnì Lua ń kà.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń wá. Nínú C, compile ló ń sọ ohun tí a kọ di àṣẹ tí ẹ̀rọ ń ṣe ní tààrà. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún iṣẹ́ luac, àwọn ènìyàn sì rò pé èrè kan náà ló wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Lua, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1993 ní ilé ẹ̀kọ́ gíga PUC-Rio ní Bràsíl, kì í ṣe script ní ìlà kan lẹ́yìn ìkejì bí ó ṣe ń kà á. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé script fún un, ó máa ń kọ́kọ́ pa á dà sí bytecode, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì á wá máa ṣe bytecode yẹn. Kò sí script tó fo ìpele yìí. Iṣẹ́ luac kò ju pé ó kó bytecode náà sínú fáìlì kí ẹ lè lò ó lọ́jọ́ mìíràn. Ìwé ìtọ́ni luac fúnra rẹ̀ sọ pé èyí kò mú kí script ṣiṣẹ́ kíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kíkó wọlé nìkan ló yá sí i. Ohun kan náà ni ìwé èdè Python sọ nípa àwọn fáìlì .pyc rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ bytecode tirẹ̀.

Ẹni tó lọ ata lọ́jọ́ Sátidé tó gbé e sínú fíríìjì ti bọ́ lọ́wọ́ ìrìn ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé. Àmọ́ lórí iná, ata rẹ̀ kò ní tètè jinná ju ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ dé.

Mo ní kí ọmọ náà wọn àkókò. Ó fi os.clock, àṣẹ Lua tó ń wọn àkókò, sí iwájú àti ẹ̀yìn ibi tó ti ń kó script wọlé, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí iṣẹ́ gan-an wà. Kíkó wọlé kò gba nǹkan kan tó ṣeé kà. Ibi tí àkókò ń lọ ni ibi tó ti ń to àkọsílẹ̀ ọdún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan jọ: ó ń fi àmì `..` so ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Lua kì í fi kún ọ̀rọ̀ tó ti wà. Ńṣe ló ń ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, tó sì ń da gbogbo ti àtẹ̀yìnwá kọ sínú rẹ̀. Tó bá dé ìlà ẹgbẹ̀rún, ó tún ń da ìlà 999 tó ṣáájú kọ. Kò sí bí luac ṣe lè wo èyí sàn, nítorí bytecode náà á da àwọn ìlà náà kọ bákan náà. Ó kó àwọn ìlà sínú table (àkójọ nínú Lua), ó fi table.concat so wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àkọsílẹ̀ sì jáde kíákíá.

Ohun kejì tí a rí: áàpù náà ń ṣí fáìlì script owó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé àpò kan lé orí òṣùwọ̀n. Kó script náà wọlé lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, fi luaL_ref (àṣẹ tí C fi ń di nǹkan inú Lua mú) di function rẹ̀, ìyẹn apá tó ń ṣe iṣẹ́, mú, kó o máa pè é títí di alẹ́. Èyí wúlò ju fífi bytecode pamọ́ lọ.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ó ti pa àwọn fáìlì .lua, ìyẹn script bí ó ṣe kọ wọ́n, rẹ́. Ó ní bytecode tó, ojú ẹnikẹ́ni ò sì ní tó inú rẹ̀. Èmi ti ṣe irú rẹ̀ rí lórí iṣẹ́ oníbàárà kan, mo sì jìyà rẹ̀: nígbà tí mo kúrò ní Lua 5.3 sí 5.4, gbogbo script kọ̀ láti wọlé, "version mismatch" nìkan ló ń sọ. Ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì bytecode ní àmì tirẹ̀: baìtì ESC, lẹ́tà "Lua", lẹ́yìn náà nọ́ńbà ẹ̀dà. Tí nọ́ńbà yẹn kò bá bá ti ẹ́ńjìnnì mu, kò ní wọlé. Nínú 5.3, bytecode tí wọ́n ṣe lórí kọ̀ǹpútà 64-bit kò tilẹ̀ ní wọlé lórí 32-bit, nítorí ìwọ̀n àwọn nọ́ńbà wà nínú àmì náà.

Ti pé ojú kò ní tó inú rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sáàárín àmì àyọlò nínú script wà nínú bytecode bí ó ṣe rí. Tí páswọ́ọ̀dù bá wà níbẹ̀, àṣẹ `strings` lásán ti tó láti fà á jáde. Àṣàyàn -s ti luac ń yọ orúkọ àwọn variable inú function àti nọ́ńbà ìlà kúrò, àmọ́ páswọ́ọ̀dù dúró síbẹ̀. Ìwọ gan-an ló máa pàdánù, torí tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, àmì ìbéèrè lo máa rí níbi tó yẹ kí orúkọ fáìlì wà.

Ẹ má ṣe gba bytecode lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Láti Lua 5.2, wọ́n ti yọ ohun tó ń yẹ bytecode wò kúrò, èyí tí oníjìbìtì bá sì ṣe lè gbé ẹ́ńjìnnì ṣubú. Ẹ fi "t" sínú load, àṣẹ Lua tó ń kó script wọlé, kó lè máa gba script lásán nìkan.

Bytecode ní ibi tó ti wúlò o. Lórí ẹ̀rọ kékeré bíi NodeMCU (pátákó kékeré tí a lè fi Lua darí), ìrántí lè má tó láti pa script ńlá dà níbẹ̀, fáìlì tí wọ́n ti pa dà tẹ́lẹ̀ ló ń gbà á là.

Ọmọ náà ti rí àwọn .lua rẹ̀ gbà padà láti orí fláàṣì rẹ̀. Ó ṣì ń lo luac, àmọ́ `luac -p` ló ń lò báyìí: kò ń fi fáìlì kankan pamọ́, ó kàn ń wò ó bóyá ìgbékalẹ̀ script owó péye kó tó fi ránṣẹ́ sí Oǹdó.